Gìtá Olókùn Mẹ́rin

Ìyàwó mi ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó ní:
"Baálé, ìkòkò ta ni èyí?"
N kò dá a lóhùn. Kò kúkú purọ́.
Irin ni àyà rẹ̀, irin ni ẹ̀yìn rẹ̀,
àwo dídán kan dùbúlẹ̀ sí i níkùn
bí ọmọrí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
ihò wẹ́wẹ́ yí i ká bí ojú asẹ́.
Èjìká òsì rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀:
ó ti ṣubú rí, kò sọ ibi tó ti ṣubú.

Ẹkọtẹdó ni mo ti rà á,
lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé tó ti kógbá sílé,
lọ́wọ́ Màmá Fẹ̀yìntọlá, opó Adégòróyè.
Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta.
Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í há ìbàdí.
Ó ní, "Má gbé e kọ́ ògiri o.
Ọkọ mi kò fi í ṣe ọ̀ṣọ́."

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta olókùn mẹ́fà.
Mo ní ẹni tó ń gbé odó,
kí ni ọmọ odó fẹ́ fi í ṣe?
Irọ́ ni.
Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó kúrú,
ìka mi ń wá okùn karùn-ún, ó ń wá ìkẹfà,
bí ẹni tó kó kúrò nílé lánàá
tó ṣì ń na ọwọ́ sí suwíìṣì ilé àtijọ́
nínú òkùnkùn.

Mo fà á bí mo ṣe ń fa ti tẹ́lẹ̀.
Okùn kan já, ó nà mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Èkejì ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò.
Mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án, mo gbé àwo kúrò:
páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà lábẹ́,
ó rí bí àrọ, ó fúyẹ́ bí bébà.
Lára pákó inú lọ́hùn-ún, pẹ́ńsù ẹnì kan:
"Mo tún un ṣe. Àgbókòjò. Òjò ń rọ̀."
Ta ni? Ọdún wo? Òjò wo?
Ní kọ̀rọ̀, píìnì irun kan tó ti dípẹtà.

Mo padà sí Ẹkọtẹdó lọ́jọ́ Sátidé.
Mo na píìnì náà sí i. Ó wò ó pẹ́.
"Kì í ṣe tèmi," ló wí,
ó sì fi í há irun rẹ̀.
Mo ní, Mà, báwo ni Bàbá ṣe ń fà á?
Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n ta,
ilé ìdáná lòun máa ń wà, ogójì ọdún,
ògiri ló wà láàárín àwọn.
Ó wá dijú, ó fi imú pè é
láti ìsàlẹ̀ lọ sókè:
dò… sò… rè… là.
Bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn Mápó
tó ń fo wọ́n ní méjì-méjì.

Lálẹ́ yìí, wọ́n mú iná lọ ní Òkè-Àdó.
Jẹnẹrétọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun ń pariwo nísàlẹ̀,
gìtá oníná mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó yadi.
Mo gbé abara-irin lé itan. Ó tutù,
ó ń gba ooru ara mi díẹ̀díẹ̀
bí àlejò tí kò tíì fẹ́ jókòó.
Mo fi ìka kan okùn kan. Yéè!
Ohùn bẹ́ jáde, ó borí jẹnẹrétọ̀,
ó gba ojú fèrèsé lọ, ajá ilé kejì dáhùn.
Ẹni tó ṣe ọ́ ti mọ̀ pé kò ní sí iná.
Ìyàwó mi ké láti yàrá:
"Ìkòkò yẹn mà ti ń hó o!"

Mi ò tíì mọ̀ ọ́n.
Níbi ìlà keje, okùn kẹta ṣì ń gbọ̀n,
bí mo bá ti débẹ̀, ọwọ́ mi á jìn sí kòtò.
Mo lè fi bébà há a kó dákẹ́.
Mo ká bébà náà, mo wò ó,
mo fi nu òógùn ọwọ́ mi.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti dò.