Apá Aṣọ Morfudd

Nínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà,
lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé Àǹtí Tegwen ní ìlú Bala,
la ti bá wọn: obìnrin kan, ọmọbìnrin kan,
àga kan tí òwú gígùn ń jò wálẹ̀ létí.
Àǹtí ní, "Morfudd nìyẹn, ìyá ìyá mi,
tí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé lọ ní 1888.
Fọ́tò kan ṣoṣo tó yà láyé rẹ̀ nìyẹn."
Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí.

Mo mú awò tó ń sọ kékeré di ńlá,
mo tẹjú mọ́ apá aṣọ.
Ó wú léjìká bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà ti gbà,
ó wá fún pinpin lọ́rùn ọwọ́.
Ẹ gbà mí o.
Ní 1888, apá aṣọ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ bí àbẹ́là;
ìdí ni wọ́n ń kó aṣọ jọ sí nígbà náà,
tó ń yọ gọngọ lẹ́yìn bí àpótí.
Ó tó nǹkan bí 1895
kí èjìká tó gba oyè lọ́wọ́ ìdí.

Àga yẹn kò ṣeé gbára lé. Àga ti pẹ́;
ta ni onífọ́tò tó ń tètè ra àga tuntun?
Òkun tí wọ́n kùn sára aṣọ ẹ̀yìn wọn, irọ́ ni:
adágún ni Bala ní, kò lókun.
Òpó mábù, páálí ni.
Kápẹ́ẹ̀tì sì pin lójijì lápá òsì,
òkúta síléètì ilẹ̀ yọjú níbẹ̀
bí ẹlẹ́rìí tí wọn ò pè.

Mo yí káàdì padà.
"Pryce àti Ọmọ Rẹ̀," ni wọ́n fi wúrà tẹ̀ síbẹ̀.
Ìwé orúkọ àwọn oníṣòwò ìlú sọ fún mi
pé títí di 1893, Pryce nìkan ni;
ọmọ ṣì ń ru ẹsẹ̀ kámẹ́rà.

Mo mọ̀ pé aṣọ kì í sọ ìgbà tó máa parí:
tálákà a wọ ọ̀kan títí á fi di àkísà.
Ṣùgbọ́n kò sí bí òkú ṣe lè wọ
aṣọ tí wọn ò tíì rán.

"Àǹtí, ta wá ni?"
Ó da tíì sínú kọ́ọ̀bù, kò mu ún.
"Catrin," ló wí, bí ẹni tó tu egungun ẹja.
Àbúrò Morfudd. Òun ló tọ́ Lowri dàgbà,
òun ló wà lọ́dọ̀ bàbá Lowri;
òfin ìgbà yẹn kò sì gbà
kí ọkùnrin fẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó kú.
Ṣọ́ọ̀ṣì yọ orúkọ àwọn méjèèjì.
Ilé náà yọ ti Catrin,
wọ́n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀,
wọ́n kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i.

Ẹ wo ọwọ́ Lowri lórí orúnkún rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í tẹ àlejò mọ́lẹ̀ báyẹn.

Mo ti mú pẹ́ńsùlù, mo ti kọ "1895, tàbí 1896,"
inú mi ń dùn bí ọlọ́pàá tó rí olè,
nígbà tí Àǹtí béèrè, jẹ́jẹ́:
"Ṣé Morfudd ò wá ní fọ́tò kankan mọ́?"

Mi ò fèsì.
Mo gbé awò padà sọ́rùn Catrin,
sí píìnì dúdú tó fi de kọ́là,
dígí rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ lọ.
Irun wà nínú rẹ̀, wọ́n dì í bí okùn,
bí wọ́n ti máa ń gé e lórí òkú nílẹ̀ wa nígbà náà.

Mo fún Àǹtí ní awò.
Ó wò ó pẹ́. Tíì rẹ̀ tutù.
"Ó pupa," ló sọ.
Pupa kẹ̀? Fọ́tò tí kò ní àwọ̀ kankan.
Mi ò bá a jiyàn.