Ilé Mìíràn Ni Wọ́n Ti Ń Dáhùn Ìyẹn

Ìwé pẹlẹbẹ méjì ló wà lórí tábìlì ilé ìdáná wa,
láàárín ìgò ṣúgà àti ìwé owó iná.
Ti Rotterdam ń dán bí ẹja tuntun:
ilé gíga, gíláàsì, ọmọkùnrin kan nínú kóòtù
tó ń bọ àgbàlagbà lọ́wọ́, tí eyín rẹ̀ funfun jù.
Ti Groningen, kẹ̀kẹ́ ológeere ló kún ibẹ̀,
àwọn ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì,
kò sí ẹni tó wo kámẹ́rà.

Jildou ọmọ mi, o ti fi bírò fa ìlà sí àárín ìwé kan:
owó ilé-ẹ̀kọ́, ọgbọọgba.
Owó yàrá, Rotterdam gbówó lórí.
Wákàtí inú ọkọ̀ ojú irin: mẹ́ta níhìn-ín, ọ̀kan àti díẹ̀ lọ́hùn-ún.
Nísàlẹ̀ pátápátá o kọ "Bàbá", o fi àmì ìbéèrè sí i.
Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Kí n má purọ́, ẹ̀kọ́ òwò ni mo fẹ́.
Màlúù mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà nínú ilé ẹran,
gbèsè báǹkì sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, láti imú dé ìrù.
Mo ní bí ọmọ bá mọ ìṣirò owó,
yóò máa bá mi ka lẹ́tà báǹkì
tí mo ń kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yé mi pé rárá ni wọ́n wí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ bàtà tí mo wọ̀ sin bàbá mi,
tí mo bá ọ lọ sí Rotterdam lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àlejò.
Wọ́n fún wa ní kọfí, wọ́n fún wa ní àpò aláwọ̀ ewé.
Ọ̀jọ̀gbọ́n náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, fi ìlà pupa hàn wá lára ògiri:
iye owó wàrà, ọdún mẹ́wàá.
Ìlà náà ń fò sókè, ó ń já bọ́,
bí màlúù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sí pápá lẹ́yìn òtútù.
Ó ní: "Bí owó bá já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké á jáde nínú ọjà."
Ìwọ nawọ́. Mo fẹ́ dì í mú.
O ní: "Wọ́n á jáde lọ síbo?"
Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní: "Ìbéèrè gidi ni.
Ilé mìíràn ni wọ́n ti ń dáhùn ìyẹn."

O kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Zwolle.
Pápá ń sá sẹ́yìn, omi kòtò ń kọ yẹ̀rì.
Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ wà: ọ̀dọ̀ Sietse aládùúgbò wa,
tó ta màlúù méjìdínlógójì lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
ọkọ̀ akẹ́rù méjì, kò sì sọkún.
Láti ìgbà náà, ní agogo márùn-ún ìdájí,
iná ilé ẹran rẹ̀ ṣì ń tàn.
Ó ń dúró níbẹ̀. Kò sí ọmú tó ń fún.
Bó bá di agogo méje, á pa iná, á wọlé.
Ìlà pupa kò débẹ̀.

Lálẹ́ àná, fọ́ọ̀mù ku wákàtí méjì kó tì.
Ìyá rẹ ń hun ìbọ̀sẹ̀, ó ń díbọ́n.
O yí kọ̀ǹpútà sí mi: Groningen, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ènìyàn,
pẹ̀lú ọrọ̀-ajé díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, "nítorí lẹ́tà báǹkì," lo wí.
Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.
Mo bi ọ́ bóyá yàrá náà ní fèrèsé.
O ní ó ní, kékeré,
ibi tí wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ sí ló kọjú sí.
Ó dáa nígbà náà. Tẹ̀ ẹ́.
O tẹ̀ ẹ́.

Àpò Rotterdam wà lára ìṣó níbi tí a ti ń fún wàrà.
Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo kó sínú rẹ̀. Àpò náà lágbára, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.
Láàárọ̀ yìí mo gbé kọfí dání, mo lọ bá Sietse.
Iná ń tàn. Mo kan ilẹ̀kùn.
Mo ní ọmọ mi ń bọ̀ wá bi ọ́ ní nǹkan,
kì í ṣe nísinsìnyí o, bí ọdún mẹ́ta sí i.
Ó ní òun kò lọ ibì kankan.