Omi Àwo Jẹ́jẹ́

Lálẹ́, wọn kì í pe ejò ní ejò nílé bàbá mi,
okùn ni wọ́n ń pè é.
Alẹ́ ni Àdìgún gbé àpótí onígíláàsì wọlé,
ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ bá mi tọ́jú mọ́námọ́ná yìí,
iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ti gbé mi dé Yobè."
Mo ní, okùn rẹ á sùn síta.

Kò sùn síta.
Òjò Ìjẹ́rù kì í bèèrè ẹni tó ni ẹrù.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí,
mo mọ òórùn ọgbẹ́, mo mọ òórùn Ìsáálì,
mo mọ ibi tí ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí bí dókítà bá ń bọ̀.
N kò mọ̀ pé ejò ń ní iná.

Oṣù kẹta ni mo rí i.
Jẹ́jẹ́ ká sínú àwo omi rẹ̀, kò jáde,
bí ìyàwó tuntun tó ń bínú sínú yàrá.
Mo gbé àwo náà síbi ìmọ́lẹ̀:
ìsàlẹ̀ omi dúdú wínníwínní,
bí ẹni gbọn ẹ̀tù ìbọn sí i.
Mo tẹ ọ̀kan mọ́ bébà funfun. Ẹ̀jẹ̀ ni.
Wọ́n wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n yí etí ojú rẹ̀ ká
bí tìróò tí a lé láìdọ́gba.

Ìyá Mojíròlá na ìgò sí mi lórí ògiri:
"Ọ̀tápíapía ni. Fín in lẹ́ẹ̀kan, ó parí."
Ó parí lóòótọ́.
Mo rántí ilé adìyẹ rẹ̀ tó fín lọ́dún tó kọjá;
iná kú,
a sì kó ọmọ adìyẹ mẹ́fà sínú láílọ́ọ̀nù kan.
Mo dúpẹ́, mo dá ìgò padà.
Mo wo Ìsáálì tèmi náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ọ̀rẹ́ mi ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, ìwọ náà, dúró síbẹ̀.
Ohun tó ń pa òórùn wọ́ọ̀dù lè pa ohun tó ń fi àyà rìn.

Mo gbé Jẹ́jẹ́ sínú ike onídèérí tí mo dá ihò sí lórí,
omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kò mù ún dé orí,
mo jókòó tì í.
Ẹni tó fi ọmọ sínú omi kì í lọ kí ará.
Èérún pákó inú àpótí, mo dáná sun ún.
Ọṣẹ, omi híhó,
búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ogbó Àdìgún sí gbogbo igun,
ojú ìṣó, ibi tí pákó ti fẹnu ko gíláàsì,
nítorí ẹyin wọn kì í gbé gbangba.
Lẹ́yìn náà Jìíkì, díẹ̀ nínú omi púpọ̀, òun nìkan,
fèrèsé ní ṣíṣí.
Mo ṣan án. Mo tún ṣan án.
Mo gbé e sóòrùn títí imú mi fi sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀,
imú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo tẹ́ síbẹ̀,
kí n lè rí ẹni tó bá ń rìn.
Báàfù yẹn kò ní wọ ilé ìdáná mọ́ láéláé.
Ọwọ́ mi, ọṣẹ dé ìgúnpá.

Ọjọ́ karùn-ún, dúdú tún wà nínú omi.
Ẹyin ti pa.
Mo bú wọn níkọ̀ọ̀kan, mo tún bẹ̀rẹ̀.
Ọjọ́ kẹwàá, mo ka mẹ́ta.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ka òfo, orúnkún mi ń ké.

Àdìgún pè. "Ìyá àgbà, ṣé ó ti jẹun?"
Mo ní ó ti gbé eku mì.
Kò béèrè orúnkún.

Lánàá ó bọ́ awọ rẹ̀ lódindi,
títí kan ìbòjú méjèèjì,
ó mọ́ bí ọ̀rá búrẹ́dì.
Mo fi há ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Ìyá Mojíròlá yọjú lórí ògiri, ó pariwo,
"Kí nìyẹn?"
Ilẹ̀ ti ń ṣú.
Mo ní, okùn ni.