Ojú-Ewé Tèmi

Ní yàrá olùkọ́ wa ní Ìsarà,
tí ìsinmi ọ̀sán bá tó,
tí a rẹ gàrí sínú kọ́ọ̀bù, tí omi rẹ̀ ń ta eyín,
ọ̀rọ̀ Arábìnrin Ọdúbélà kì í pẹ́ jáde.
Kúkọ̀yí tí ń kọ́ni ní jọ́gíráfì a ní,
"Ẹni tó jókòó ti ìwé láti àárọ̀,
tí kì í di ṣọ́ọ̀kì mú, tí kì í máàkì,
òun náà ń gbowó oṣù bíi tiwa."
A ó rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo máa ń rín in jù.

Bí olùkọ́ kan bá ṣàìsàn,
ẹ pè é wá kó mú kíláàsì náà dákẹ́.
Bí àga bá ṣẹ́, yàrá ìkàwé la ń kó o sí.
Kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ayé tí Yúróòpù ti ya kúrò lára rẹ̀.
Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni ọ̀gá wa ń pè é.

Èmi, ìṣirò ni mò ń kọ́.
Ọmọ tó bá da kíláàsì mi rú, ibẹ̀ ni mò ń lé e lọ,
bí ẹni ń lé ewúrẹ́ wọ ọgbà.
Mo lé Ọ̀ṣífẹ̀sọ̀ lọ nígbà mẹ́sàn-án ní táàmù kan,
ọmọ tí kò lè sọ ìdámẹ́ta méjìlá fún mi,
tó ń fi bírò gbẹ́ tábìlì.

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà, ètè gbogbo wa là.
Ọmọ náà nawọ́ lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni ò pè é:
"Sà, afárá tí wọ́n fi irin so rọ̀ lókè odò,
báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé irin yẹn ò ní já?"
Ṣọ́ọ̀kì há sí mi lọ́wọ́.
Mo ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ afárá fún ọ?"
Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo lọ. Bóyá mo fẹ́ lọ béèrè, bóyá mo fẹ́ lọ jà.
Mo bá a lórí àpótí, ó ń ṣa ìwé
bí wọ́n ti ń ṣa obì ní ìlú wa:
ó ń yí i, ó ń gbọ́n ọn, ó ń gbóòórùn rẹ̀,
ó ń wá ibi tí kòkòrò gbà wọlé.
"Obì ni ìyá mi tà," ó ní, kò wojú mi.
"Èyí tí wọ́n bá wé léwé dáadáa,
á pẹ́ títí, á ṣì tutù."
Ó ní ọmọ mi, ọmọ mi ló pè é,
ọjọ́ mẹ́ta ló fi wo ògiri.
Lọ́jọ́ kẹrin òun gbé ìwé aláwòrán kan síwájú rẹ̀,
òun sì jáde. Òun ò sọ pé kó kà á.

Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì,
èyí tó fi rúlà fà fúnra rẹ̀,
olùkọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú-ewé tirẹ̀.
Kúkọ̀yí yá méjì, kò dá ọ̀kan padà.
Mo ṣí tèmi.
Orúkọ mi, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé,
ọjọ́ tí mo dé ilé-ìwé yìí,
lẹ́yìn náà, ìlà. Ìlà. Ọdún mọ́kànlá,
funfun bí àwo ẹni tí kò tíì jẹun rí.

Kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí.
"Kí lẹ fẹ́ kà?" ó ní.
N kò mọ̀. Olùkọ́, ẹni ogójì ọdún ó lé, n kò mọ̀.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí bó ti ń wo ìwé,
ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo kúrò lọ́nà,
ó wọ àárín pẹpẹ lọ.

Tí Kúkọ̀yí bá tún bẹ̀rẹ̀ nídìí gàrí,
n kì í gbèjà rẹ̀. Ojo ni mí díẹ̀.
Inú kọ́ọ̀bù mi ni mò ń wò.
Ṣùgbọ́n mo ti kó àga mẹ́rin tó ṣẹ́ kúrò ní yàrá rẹ̀,
mo sì jẹ ẹ́ ní ìwé kan;
ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́ta.