Òru Kẹsàn-án ní Kétu

Igi mẹ́ta la so pọ̀, òkúta kan ń fì nídìí okùn:
ohun tí a fi ń bi ilẹ̀ léèrè nìyẹn
pé, níbo lo ti dọ́gba?
Ìyá Odúnlámì kò kọ nǹkan kan sójú pátákó.
"Ẹ rìn ín," ló wí. A sì rìn ín,
àwa mọ́kànlá, látàárọ̀, nínú iyẹ̀pẹ̀
tó kun bàtà mi bí osùn.

Bàbá mi, iná ló fi ń tún oko ṣe.
Mo ṣì ń gbóòórùn èéfín rẹ̀
bí mo ti ń da koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ ẹ̀gẹ́,
bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ tó sùn.

Níbi tí kàǹga ti jìn ju sùúrù lọ,
òjò dé lóru kẹsàn-án.
A fò dìde lórí ẹní, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.
Omi sọ̀ kalẹ̀, ó dójú kòtò, ó dúró,
ó jókòó bí àlejò tí a fún lága,

àfi ibi tèmi.
Ibẹ̀ ni mo ti kánjú nítorí ẹ̀wà ọ̀sán.
Ó ya. Ó gbé ẹ̀bù iṣu Ṣàkíù lọ.

Ìyá rẹ́rìn-ín: "Omi ti yẹ iṣẹ́ rẹ wò."
Mo wá ọkọ́ lọ.
Ilẹ̀ kò tíì mọ́.