Ẹni Ìkẹyìn

Ọ̀sán Sátidé, òjò ti ṣú sórí òkè Ẹ̀fọ̀n,
Bàbá Jégẹ́dẹ́ ti fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n,
ó ti fi etí bùbá rẹ̀ nu gíláàsì mẹ́ta.
Ní Ítálì lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè.

Ọlátóún ọmọ rẹ̀ ló kó wa sínú ọ̀ràn yìí,
ọdún kẹfà rẹ̀ rèé tó ti ń tọ́jú arúgbó ní Bòlóńyà.
Ó fi ìgò wáìnì pupa kan ránṣẹ́,
àti wàràkàṣì tó le bí ọṣẹ ọdún tó kọjá.
Ó ní, "Ibi tí eré bá gbà ni kí ẹnu yín gbà.
Bí wọ́n bá wọ ìlú ẹlẹ́ja, ẹ jẹ ẹja.
Ìgò yìí, ẹ má tíì ṣí i,
ó di ọjọ́ òkè gíga."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni eré, ìgò ẹyọ kan.
Kí la ó ti ṣe é? A fi ti ilé dí i.
Ọjọ́ tí wọ́n gba etí òkun, a yan ẹja àrọ̀, a fi mu ẹ̀kọ gbígbóná.
Ọjọ́ tí wọ́n gba oko ìrẹsì, Màmá bu ìrẹsì Ìgbẹmọ sínú atẹ,
ó ń ṣa òkúta, ó ń ṣa òkúta,
kó tó jinná, ẹni tó gbégbá orókè ti wẹ̀, ó ti sùn.
Ọjọ́ tí wọ́n dé agbègbè tí ajá ti ń hú olú nínú ilẹ̀,
èmi ni ajá: mo dé oko àna mi, mo ká olú ọ̀gán bọ̀,
a fi ẹmu àárọ̀ tì í, ẹmu tí kò tíì bínú.

Òní wá ni òkè.
A gún uyán (ẹ má pè é ní iyán nínú ilé Bàbá),
ọ̀yà wà nínú ẹ̀gúsí, ọ̀rá rẹ̀ ń tàn.
Kò sí ohun tí a ó fi ṣí ìgò.
Bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó mú sípóòkì kẹ̀kẹ́ kan jáde,
ó tẹ̀ ẹ́ bí ìwọ̀, ó fi fa ìdérí yọ, pọ́!
Màmá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ kó jọ:
"Ó kan, ó tún ń fa ahọ́n. Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?"
Lẹ́yìn òkèlè ọlọ́yà kejì
ó na gíláàsì, kò sọ̀rọ̀.

Bàbá ń wo àwọn tó ń gun òkè, ó pòṣé.
"Kí ni wọ́n rù sẹ́yìn? Òfìfo!
Lọ́dún tí mọ́tò yí sí ọwọ́ ọ̀tún,
agbè ẹmu méjì lẹ́yìn, ìyàwó olóyún lórí irin iwájú,
láti Àrámọ̀kọ títí dórí òkè yìí. Ta ló pàtẹ́wọ́?"
Màmá ò gbójú sókè nínú àwo:
"Títì lo tì í.
Èmi náà sọ̀ kalẹ̀, mo bá ọ tì í."

Ẹnìkan ti borí. Wọ́n fún un ní òdòdó, wọ́n fi ọtí wẹ̀ ẹ́.
Mo na ọwọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n.
"Fi sílẹ̀. Ó ku ẹnìkan."
Òjò dé sórí páànù, àwòrán ń dúró, ó ń lọ,
bí i kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ ń yọ.
A jókòó títí ọbẹ̀ fi dì.
Ó wá yọ níkẹyìn, ọmọdé kan tí ẹrẹ̀ bò lójú,
wọ́n ti ń ká aṣọ ìpàtẹ kúrò lójú ọ̀nà.
Bàbá dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún,
wáìnì tó kù nínú gíláàsì rẹ̀, kò mu ún
àfi ìgbà tí táyà ọmọ náà fọwọ́ kan ìlà funfun.
"Ẹ kú òkè o," ló ní, ó dà á mì.

Ìdérí ìgò náà wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí,
òun la fi dé ike epo ṣéènì.
Ó bá a mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.