Ìyẹ̀fun Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ jọ́gíráfì ní Ẹ̀pẹ́.
Pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, mo máa ń ya Íńdíà sára pátákó
bí ọmú ewúrẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun,
Siri Láńkà sì ni ẹ̀kán wàrà tó já bọ́ lára rẹ̀.
Mo á fi pàṣán tọ́ka sí ìsàlẹ̀ pátápátá:
“Tamil Nádù. Ìrẹsì. Òwú. Òjò.”
Àwọn ọmọ á kọ ọ́, wọn á gbàgbé.
Èmi náà ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfìgbà tí Kayalvizhi gba yàrá méjì nílé mi
ní Òkè-Bálógun. Ọkọ rẹ̀, Maran,
ń jó páìpù pọ̀ níléeṣẹ́ kan lọ́nà Lẹ́kí.
Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, mo jáde láti lọ kírun,
mo bá ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu ọ̀nà:
ìlà tó ń lọ́, tó ń ká tótòtó mọ́ra,
tí n kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí n kò rí ìparí.
Ìyá Sìkírá ti di ìró mú lójú títì:
“Bàbá Tíṣà! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o!”
Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí,
èmi tí mo kàwé.

Ó di ọjọ́ keje kí n tó béèrè.
Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀.
Èèrà.
Wọ́n tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
kálukú ru èérún ìrẹsì tirẹ̀.
Ó ní, “Nílé wa, ká tó jẹun láàárọ̀,
a ó fún ẹni tí kò lẹ́nu tó fi lè tọrọ.”
Ẹsẹ̀ á nù ún kó tó di ọ̀sán.
Lọ́la, a tún un yà.

Báyìí ni mo ṣe padà di ọmọ kíláàsì.
Ó ní odò kan wà tó ń jẹ́ Káfẹ́rì, ìyá ni wọ́n ń pè é;
mo rántí Ọ̀ṣun, mo dákẹ́.
Ó ní ẹnubodè ilé òrìṣà wọn ga ju igi àgbọn,
ère kún ara rẹ̀ bí èrò ọjọ́ ọjà.
Obìnrin á fi òdòdó funfun há irun,
òórùn rẹ̀ á ṣáájú rẹ̀ wọlé.
Bí ìrẹsì tuntun bá dé, wọn á fi wàrà sè é nínú ìkòkò tuntun,
tó bá hó, tó dà sílẹ̀, gbogbo ilé á hó pẹ̀lú rẹ̀.
(Tèmi dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá mi fi orógùn gbá mi.)
Lẹ́tà kan nínú orúkọ èdè wọn, ahọ́n á ká sẹ́yìn kó tó jáde.
Mo gbìyànjú, itọ́ ló jáde.
Mo ní kí òun náà pe “àgbàlagbà”.
Ó ní, “Àbàlabà.”
A dọ́gba.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ? Ó ní, “Ojú bí ẹja.”
Ní Ẹ̀pẹ́!
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.
Mo mú un lọ sí ọjà Olúwo, níbi tí Ìyá Sìkírá ń ta ẹja.
Ó gbé orí ọ̀bọ̀kún kan sókè, ó wo ojú rẹ̀,
ó wo ti Kàyá, ó tún wo ti ẹja.
“Òótọ́ ni,” ó ní. “Ọmọ wa nìyí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo yọ.”
Lálẹ́, ọbẹ̀ oníàjàgbọn dé ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì,
kíkan rẹ̀ sì ta mí jí.

Iṣẹ́ páìpù parí lóṣù kọkànlá.
Wọ́n fi ìkòkò idẹ kan sílẹ̀, àti àpò ìrẹsì àbọ̀.
Lọ́jọ́ kejì, mo rí èèrà lẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọn ò rí nǹkan.
Mo lọ ìrẹsì. Mo bẹ̀rẹ̀. Orúnkún ké.
Ọwọ́ mi ò lè ká ìlà yẹn, ó ń gbọ̀n;
ni mo bá ya ọmú ewúrẹ́, ohun tó mọ̀ ọ́n yà.
Ìyá Sìkírá kọjá, ó ní, “Bàbá Tíṣà, ó wọ́ o.”

Èèrà ò sọ pé ó wọ́.